ALT àti AST: alábàárù tó ṣìnà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi ọkùnrin fi fọ́tò ìwé àyẹ̀wò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò kí mi, kò béèrè ọmọ. Gbogbo ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: “Àǹtí mi, ṣé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ ni?” Ibi iṣẹ́ wọn ló ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ yẹ ara wọn wò. Ìlà méjì lórí ìwé náà ni wọ́n kọ H sí níwájú, ìyẹn ni pé ó ti ga jù: AST 188, ALT 94. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò yẹ kí àkọ́kọ́ kọjá 40, kò sì yẹ kí èkejì kọjá 41.

Kí n tó dáhùn, ó ti lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kà á níbẹ̀ pé bí AST bá ti fi ìlọ́po méjì ju ALT lọ, ọtí ni. Ẹ dá 188 sí méjì, 94 gẹ́lẹ́ ló máa fún yín. Díákónì sì ni àbúrò mi. Kò fẹnu kan ọtí láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ náà sì ti ka ohun tó kà.

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, irú ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí mi. Àwọn tó mọ̀ pé ALT àti AST “jẹ mọ́ ẹ̀dọ̀” pọ̀ lọ jàra. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni nǹkan méjèèjì ń ṣe nínú ara kí wọ́n tó di nọ́ńbà lórí ìwé, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń pin. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀wà tí ẹ jẹ lánàá. Purotéènì inú rẹ̀ kì í wọ ara bó ṣe wà. Ikùn àti ìfun máa ń tú u sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní amino acid. Ogún oríṣi rẹ̀ ni ara wa fi ń mọ purotéènì tirẹ̀. Wọ́n yàtọ̀ síra, àmọ́ ohun kan ló pa gbogbo wọn pọ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ru ẹrù kékeré kan, náítírójìn kan pẹ̀lú àwọn háídírójìn tó so mọ́ ọn. Ẹrù náà ni amino. Bí ẹ bá gbé ẹrù yìí kúrò, kábọ́ọ̀nù ni òpó ohun tó kù, ara sì lè dáná sun ìyẹn kó fi rí agbára, tàbí kó sọ ọ́ di ṣúgà.

Ẹrù yẹn ló ni wàhálà. Ara kò lè sun ún. Bó bá já a sílẹ̀ lásán, ámóníà ló máa dà, ámóníà tó bá sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á da ọpọlọ rú, àní ó lè pààyàn. Ara kò sì fẹ́ kó ṣòfò, torí òun náà ló máa fi kọ́ àwọn amino acid mìíràn lọ́la. Nítorí náà, láti orí ẹnì kan ni ẹrù yìí gbọ́dọ̀ ti bọ́ sórí ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ kanlẹ̀.

Ẹni tó bá ti ru àpò gaàrí láti ibùdókọ̀ délé rí mọ̀ pé, nígbà tó bá dé, ohun tó ń wá ni ẹni tó máa bá a sọ̀ ọ́. Ẹni tó sì fẹ́ gbéra á máa wo yíká, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e rù mí.” Aminotransferase ni ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń mú iṣẹ́ yá nínú ara, tó dúró sáàárín àwọn méjì wọ̀nyí. Ó bá tibí sọ̀, ó gbé e ru tọ̀hún. Àwọn kan ṣì ń pè é ní transaminase, nǹkan kan náà ni.

Oríṣiríṣi ló wà nínú ara, ALT àti AST kàn ni méjì tí òkìkí wọn kàn jù. Orí alanine ni ALT ti ń sọ ẹrù, orí aspartate ni AST ti ń sọ tirẹ̀. Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń gbé e rù: wọ́n ń pè é ní alpha-ketoglutarate, bí ẹrù bá ti dé orí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á yí padà di glutamate. Glutamate wá dà bí ibùdó tí gbogbo ẹrù ń wọ́ jọ sí láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àfiwé ọjà mi kò bá a dé òpin o. Lọ́jà, ìyá tó sọ ẹrù ṣì ni ìyá kan náà. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹni tó bá ti sọ ẹrù ti di ẹlòmíràn. Alanine tó sọ ẹrù di pyruvate, ohun kan náà tí ara ń rí nígbà tó bá ń fọ́ ṣúgà. Aspartate di oxaloacetate, òun náà sì wà lára àwọn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń sun oúnjẹ. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀kùn ni ẹ́ńsáìmù yìí jẹ́ láàárín ẹran àti ṣúgà. Ọ̀nà méjèèjì ni ilẹ̀kùn náà sì ń ṣí sí: ẹ̀gbẹ́ tí ọjà bá ti pọ̀ jù ni yóò ti máa tì wá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òun wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè máa rí ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìjẹ nǹkan kan láti àárọ̀, torí ara ń tú lára purotéènì tirẹ̀, ó ń sọ ẹrù rẹ̀, ó sì ń fi ìyókù ṣe gúlúkóòsì.

Alábàárù tó mọṣẹ́ kì í sì í gbé ẹrù lé orí gbalasa, ó máa kọ́kọ́ ká òṣùká. Ẹ́ńsáìmù yìí náà ní òṣùká, fítámì B6 sì ni ara fi ń ká a. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé ni pyridoxal phosphate. Nígbà tí alanine bá dé, orí òṣùká yìí ni ẹrù rẹ̀ ń bọ́ sí. Òun alára, tó ti di pyruvate, á bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó bá jáde tán ni alpha-ketoglutarate á tó wọlé wá gba ẹrù lórí òṣùká. Àwọn méjèèjì kì í fojú kanra. Àwọn onímọ̀ fi eré ping-pong sọ ọ́ lórúkọ, torí àlọ-àbọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn.

Kò sí òṣùká, kò sí ẹrù rírù. Ẹja, adìyẹ, ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ti ń rí B6, nítorí náà ẹni tó ń jẹun dáadáa kì í sábà ṣaláìní in. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ife, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí oògùn kékeré kan tó ń jẹ́ pyridoxine láàárín tirẹ̀. Isoniazid tó wà nínú oògùn ikọ́ náà ló máa ń gba B6 mọ́ ara lọ́wọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wá máa ta aláìsàn ṣíoṣío. Òṣùká ni wọ́n ń dá padà fún un.

Moscow ni wọ́n ti rí iṣẹ́ ẹrù gbígbé yìí kedere ní 1937. Alexander Braunstein àti Maria Kritzmann ló ṣe é, ẹran àyà ẹyẹlé tí wọ́n gún ni wọ́n sì lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹran àyà ẹyẹlé yẹn. Iṣan tí ẹyẹ fi ń fò ni, kì í ṣe ẹ̀dọ̀.

Iṣan àti ẹ̀dọ̀ kúkú ni àdéhùn kan láàárín ara wọn. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́ kárakára tàbí tí ebi ń pa á, á máa sun lára amino acid tirẹ̀. Ẹrù tó bá kù sílẹ̀ níbẹ̀, orí pyruvate ló máa ń kó o lé, ìyẹn á di alanine, á wọ ẹ̀jẹ̀, á gba inú rẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀. Tó bá dé ẹ̀dọ̀, ALT á sọ̀ ọ́. Ẹ̀dọ̀ á fi pyruvate ṣe gúlúkóòsì, á dá a padà fún iṣan pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹrù náítírójìn ní tirẹ̀ á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe yúríà, kí kíndìnrín lè tọ̀ ọ́ dànù. Hans Krebs àti Kurt Henseleit ló ṣàlàyé bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe yúríà, ní Jámánì, lọ́dún 1932. Náítírójìn méjì ló ń bẹ nínú ẹyọ yúríà kan. Ọ̀kan ti ara ámóníà wá. Ìkejì, orí aspartate ni wọ́n ti gbé e, AST ló sì ń gbé e ru aspartate. Ìtọ̀ tí ẹ tọ̀ láàárọ̀ yìí, ọwọ́ alábàárù wọ̀nyí wà nínú rẹ̀.

Gbogbo èyí, inú sẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣẹlẹ̀. ALT kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe nínú omi ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀nba tó ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ jẹ́ ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbó tí wọ́n ń kú, tí tuntun sì ń rọ́pò wọn. Bó bá wá pọ̀ lójijì, ògiri kan ti lanu níbì kan nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Níbí yìí, aláǹgbá ń jáde ni. Bí ẹ bá rí àwọn alábàárù tí wọ́n ń rìn gbéregbère lójú títì, kì í ṣe àwọn ni kí ẹ bá jà, ọjà tí wọ́n ti sá wá ni kí ẹ lọ wò.

Ẹ̀dọ̀ sì kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi AST wá. Ọkàn ni. Ní 1954, ní New York, John LaDue, Felix Wróblewski àti Arthur Karmen kọ ọ́ jáde pé bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dé ara ọkàn, tí apá kan ọkàn kú, AST inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń ga. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni dókítà fi ń mọ̀. Troponin, purotéènì kan tó ń wá láti ara iṣan ọkàn, ló ti gba iṣẹ́ yẹn báyìí. SGOT ni wọ́n ń pe AST nígbà náà, wọ́n sì ń pe ALT ní SGPT. Bí ẹ bá rí orúkọ àtijọ́ wọ̀nyẹn lórí ìwé yín, ẹ má ṣe rò pé àìsàn mìíràn ni wọ́n tún rí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé láàbù ń ka iye ẹ́ńsáìmù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. A kì í kà á. Iṣẹ́ tó ṣe ni à ń wọ̀n. A ó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín dì, a ó fi ẹ̀rọ yí i kí omi orí rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀, a ó da omi náà pọ̀ mọ́ alanine àti alpha-ketoglutarate. Bí ALT bá wà níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù, pyruvate á máa yọ. A ti dẹ ẹ́ńsáìmù mìíràn sílẹ̀ de pyruvate, bó bá ti ń mú un ló ń jẹ ohun kan tó ń jẹ́ NADH. NADH yìí máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa ò lè rí mì, ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 340 nánómítà. Bí NADH bá ṣe ń tán, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá dé ojú ẹ̀rọ á máa pọ̀ sí i. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni ẹ̀rọ fi ń ṣọ́ ọ. U/L tí ẹ ń rí lórí ìwé, ìwọ̀n iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, nínú lítà kan. Ó dà bí ìgbà tí mo bá jókòó sẹ́nu géètì ọjà tí mò ń ka ẹrù tó ń jáde, tí n kò sì rí ojú alábàárù kankan.

Nítorí pé iṣẹ́ là ń wọ̀n, òṣùká tún wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn láàbù kan máa ń fi B6 kún oògùn àyẹ̀wò wọn, àwọn mìíràn kì í fi kún un. Ẹni tí B6 rẹ̀ kéré lè gba nọ́ńbà kan níbí, kó gba èyí tó ga jù ú lọ lọ́hùn-ún, lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀, láàbù kan náà ni kí ẹ máa lọ. Mo tún gbọ́dọ̀ fẹjọ́ àwa òṣìṣẹ́ sùn díẹ̀: bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ yín tipátipá tí sẹ́ẹ̀lì pupa fọ́, AST inú wọn á tú jáde. Omi ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí òróró ẹ̀pà á wá pupa bíi sóbò. Àtúnfà ló yẹ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọtí. Ohun tí àbúrò mi kà kì í ṣe irọ́. Fernando De Ritis, ará Ítálì, ló mú kí àwọn dókítà máa fi AST wé ALT láti 1957. Ẹ̀dọ̀ ni ALT fi ṣe ilé ní pàtàkì. AST ní ilé káàkiri: ẹ̀dọ̀, ọkàn, iṣan, kíndìnrín, ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì pupa. Nínú ẹ̀dọ̀ pàápàá, púpọ̀ nínú AST sá sí yàrá inú lọ́hùn-ún, inú mitochondria tí sẹ́ẹ̀lì ti ń dáná. Ọtí máa ń ba yàrá inú yẹn jẹ́, AST á sì tú jáde. Ọ̀mùtí kì í sì í sábà jẹun dáadáa, B6 rẹ̀ á lọ sílẹ̀, àìsí òṣùká yìí sì ń dun ALT ju AST lọ. Ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ìlọ́po méjì ṣe ń dé.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹyẹlé. Iṣan náà kún fún AST, ó sì jù ALT inú rẹ̀ lọ dáadáa. Iṣan tó bá fara pa á tú àwọn méjèèjì sínú ẹ̀jẹ̀, AST á sì ṣíwájú, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀mùtí. Mo pe àbúrò mi. N kò bi í léèrè ọtí rárá. Mo ní, “Kí lo ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn?” Ó dákẹ́. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù ni, ọjọ́ kejì tó lọ ni wọ́n ní kó gbé irin sí èjìká kó máa lóṣòó kó máa dìde. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó ní òun ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú.

Mo ní kó lọ ṣe CK, ẹ́ńsáìmù kan tó jẹ́ ti iṣan, tí ẹ̀dọ̀ kò ní tó nǹkan. Mo tún ní kó ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B), torí pé a rí olè kan kò ní ká má tilẹ̀kùn ẹ̀yìn. CK jáde ní 6,200, nígbà tó jẹ́ pé 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ni ìwé fọwọ́ sí. Kò sí mẹ́dọ̀wú B lára rẹ̀. Mo ní kó fi jíìmù sílẹ̀ ná, kó máa mu omi dáadáa, kó sì mú gbogbo ìwé náà lọ fún dókítà, torí CK tó bá lọ sókè púpọ̀ lè pa kíndìnrín lára. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi kóòkì, kó má dúró de ọjọ́ kejì.

Ẹni tí mo bá jà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá wa. Wọ́n ti pọn àgbo ìfọ-ẹ̀dọ̀ sínú ìkòkò, wọ́n ti ń bu ife kí n tó débẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe aṣọ tí à ń fọ̀, òun gan-an ló ń fọ ohun tí a bá gbé mì. Ohun tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí a kò mọ iye ewé tó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ni à ń dì kún iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àgbo nìkan ni mò ń bá wí. Parasítámọ́ọ̀lù tí gbogbo wa ń mu fún orí fífọ́, bí ẹnì kan bá gbé e mì ju bó ṣe yẹ lọ, ALT rẹ̀ lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Ẹ̀rù àwọn tí nọ́ńbà wọn ga kì í bà mí tó ti àwọn tí nọ́ńbà wọn dára tí wọ́n sì lọ sùn. ALT kò sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe lágbára tó. Sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ lọ́wọ́ ló ń sọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́, albumin (purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀), bilirubin (ohun tó ń mú kí ojú pọ́n bí ẹ̀dọ̀ kò bá lè kó o dànù) àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tètè dì ni kí ẹ wò. Ẹ̀dọ̀ tó ti gan tán, tó ti di àpá látòkè délẹ̀, ALT rẹ̀ lè wà láàárín ìlà dáadáa. Ọjà tó ti jó tán, ta ni alábàárù tí yóò tún sá jáde níbẹ̀?

Mẹ́dọ̀wú B ló ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ yìí jù. Kòkòrò rẹ̀ lè wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ibà, láìsí ojú pípọ́n, kí ALT máa gòkè kó máa sọ̀. Ẹni tó bá ṣàyẹ̀wò lọ́jọ́ tó sọ̀, wọ́n á ní ó ti bọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò tiẹ̀ dúró de 40 lórí ọ̀rọ̀ mẹ́dọ̀wú B: 30 ni wọ́n fi ṣe òpin fún ọkùnrin, 19 fún obìnrin. Bí ìwé láàbù bá ń sọ pé 35 dára fún obìnrin tó ní kòkòrò yìí, ó yẹ kí dókítà tún un wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ó sì ti wà lára ti àwọn ìkókó ní Nàìjíríà láti 2004. Ọ̀pọ̀ àwa tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà ni kò gbà á.

Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́, àbúrò mi tún lọ: AST 49, ALT 63. Ó tún pariwo pé ALT ló wá ga jù báyìí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ìdajì AST tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ láàárín nǹkan bíi wákàtí 17, ALT máa ń lò tó wákàtí 47. Àwọn méjèèjì ń lọ sílé, ọ̀kan kàn ń yára rìn ju èkejì lọ ni. Ọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì sì ti tán lórí ìwé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, fọ́tò mìíràn wọlé: AST 24, ALT 27. Lọ́tẹ̀ yìí ó kí mi, ó béèrè ọmọ. Ó ní ìyàwó òun ti mú ojúlówó ìwé náà, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.